Igba Fọ́ọ̀mù

"Èèyàn méjìlélógún péré?" Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìka kan ṣí àwọn fọ́ọ̀mù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yẹ ẹja wò bóyá ó ti bàjẹ́. "Igba ni mo ní kó o mú wá. O mú méjìlélógún wá, o tún wá ń rẹ́rìn-ín sí mi."

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ó jókòó sórí àga onígi tó wà níwájú tábìlì, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní àga ẹlẹ́jọ́, ó gbé àpò lé itan, ó ń wo àwọn àpilẹ̀kọ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tò sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ láti ilẹ̀ títí kan àjà. Ó ti di ọdún mẹ́rin tó ti ń wò wọ́n. Iṣẹ́ ìwádìí oyè kejì tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fi ọdún méjì parí lòun ṣì ń gbé kiri bí oyún tí oṣù rẹ̀ ti kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ojúlé dé ojúlé ni mò ń lọ. Àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọn kì í dáhùn ìbéèrè kan láì kọ́kọ́ sọ ìtàn mẹ́ta. Mo sì ní láti jókòó gbọ́ wọn."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ ìtàn?"

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Tíṣà tó lè fi dá a lóhùn. Ó lè sọ pé nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó yẹ kóun fi wà ní àdúgbò, mẹ́ta lòun fi bá Ọ̀jọ̀gbọ́n máàkì ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ọdún kìíní; pé òun lòun ń lọ kó àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé lọ́sàn-án; pé ọjọ́ tóun ṣèlérí láti lọ bá ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lòun jókòó sí, òun ń ṣọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Ìgbà kan tó fẹ́ ráhùn díẹ̀, òwe ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti ń ti ọwọ́ bọ kèrègbè Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnikẹ́ni ò tíì bá a na ọwọ́ sí pẹpẹ tirẹ̀.

Ó-Ku-Díẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́yìn. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá tí kò ní sọ pé ó dáa, àmọ́ ó ku díẹ̀. Díẹ̀ náà a sì gba ọdún kan.

Òun náà ló yan orí ọ̀rọ̀ fún Tíṣà. Ohun tí Tíṣà fẹ́ wádìí tẹ́lẹ̀ ni ìdí tí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé rẹ̀ fi ń sá fún ìṣirò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìyẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kó lọ wádìí bóyá àwọn ará ẹ̀yìn ojú irin ṣì nílò ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wọn, àbí wọ́n lè máa lọ sí ọsibítù ńlá tó wà ní òdìkejì títì márosẹ̀. Tíṣà gbà, torí ẹ̀yìn ojú irin ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣì ń gbé. Kò mọ̀ nígbà náà pé Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé dìde láti dín ilé ìwòsàn kù, àti pé ìgbìmọ̀ náà ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni lọ béèrè.

"Gbogbo àwọn méjìlélógún yìí ló ní ọ̀nà jìn," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Gbogbo wọn pátá. Irú ìwádìí wo ni gbogbo èèyàn ti ń sọ ohun kan náà?"

"Ọ̀nà náà jìn lóòótọ́ ni, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó wá dà bíi ti bàbá sí ọmọ. "Gbọ́. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni mò ń rìnrìn àjò. Ọdún kan gbáko ni mo fẹ́ lò lọ́hùn-ún. Tí mi ò bá tọwọ́ bọ ìwé rẹ kí n tó lọ, ọ̀dọ̀ alábòójútó mìíràn lo ń lọ, orí kìíní lo sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Àyè tí ilé ìwé rẹ fún ọ ńkọ́? Ìgbà wo ló ń parí?"

"Ìparí oṣù yìí, sà. Wọ́n ní tí mi ò bá mú ìwé ẹ̀rí wá, ẹlòmíì ni wọ́n máa fi ṣe igbákejì ọ̀gá."

"O wá rí i." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa àpilẹ̀kọ kan yọ, ó ṣí i sí orí kẹrin, ó sì tì í sọ́dọ̀ Tíṣà. "Wo bí ẹni tó gbọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn àtẹ ìṣirò yìí lo máa kọ́kọ́ tò. Èèyàn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ní àwọn lè dé ọsibítù ńlá láì sí ìnira, méjì ní àwọn ò lè dé e. Tí àtẹ bá ti dúró dáadáa, fọ́ọ̀mù á wá bá a níbẹ̀."

Tíṣà wo àtẹ náà. Ọ̀rọ̀ náà yé e, ó sì ń ṣe bí ẹni pé kò yé e. "Àwọn méjìlélógún yìí wá ńkọ́, sà?"

"Kó wọn sáàárín àwọn tí ò gbà. A kì í da òótọ́ nù, ipò tó tọ́ sí i la máa ń fi í sí." Ó ti yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ṣé mo ní kó o parọ́ ni? Mo ní kó o parí iṣẹ́ rẹ ni. Ó ku díẹ̀."

Ọ̀sán Sátidé ni Tíṣà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ìyókù fọ́ọ̀mù náà, lórí tábìlì gígùn tí ẹ̀gbọ́n fi ń gé aṣọ. Méjìdínlọ́gọ́sàn-án ló kù kó tó pé igba. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti ká aṣọ àwọn oníbàárà kúrò nílẹ̀, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ìwé ni iṣẹ́ tòní. Nígbà tí bàbá wọn kú, ìwé kẹta girama ló wà, ó sì kúrò nílé ìwé kí àbúrò rẹ̀ lè máa lọ. Kò fìgbà kan sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka oore lé èèyàn lórí. Àmọ́ ó gbà pé ìwé tí Tíṣà ń kà, àwọn méjèèjì ló jọ ń kà á.

"Ọ̀mọ̀wé Ọ̀la," ló ń pe àbúrò rẹ̀. "Wá ṣàlàyé fún àwa púrúǹtù, ká má lọ ba oyè jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Tíṣà ti ra báírò oríṣi mẹ́rin kí ọwọ́ ìkọ̀wé lè yàtọ̀. Ó ti to àtẹ tirẹ̀ sínú ìwé kan, ó mọ iye ọkùnrin àti iye obìnrin, ó mọ iye arúgbó tó yẹ kó gbà àti iye tí kò yẹ kó gbà. Ó pín iṣẹ́ náà bó ṣe máa ń pín iṣẹ́ àmúrelé fún kíláàsì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ mẹ́rin, ó kọ márùn-ún, kó tó ka ìbéèrè kẹsàn-án sókè ketekete.

"'Ó rọrùn fún mi láti dé ọsibítù ńlá láì sí ìnira.'" Ó gbójú sókè. "Ta ló rọrùn fún? Ṣé Màámi tí kì í lè gun àtẹ̀gùn méjì láì jókòó?"

"Kì í ṣe Màámi ni wọ́n ń sọ, Àǹtí. Fọ́ọ̀mù lásán ni. Orí pẹpẹ ilé ìkàwé ló ń lọ. Àwọn mẹ́ta tó máa dán mi wò nìkan ló máa ṣí i, àwọn náà ò sì ní kà á tán."

Ó gbà gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ ká má rẹ́ ẹ jẹ. Ó ti rí eruku tó wà lórí àwọn àpilẹ̀kọ búlúù yẹn. Ta ló máa rò pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dìde kó jáde síta kó lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó sì fi àmì sí i.

Ìgbà yẹn ni ìyá wọn yọ láti yàrá inú, ó ń fi ọwọ́ ti ògiri. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wú láti ọdún pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Agbálẹ̀ ló jẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò, títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Òun nìkan ni òbí tó kù fún àwọn ọmọ méjèèjì, iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá náà ló sì fi tọ́ wọn lẹ́yìn ikú bàbá wọn.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń kàwé, ẹ fi èmi sílẹ̀ nínú yàrá bí ẹrù. Ẹ fún mi ní tèmi."

"Màámi, ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀wé?" Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi gbá kíláàsì. Ìgbà wo lẹ tún fẹ́ kí n tó jókòó síbẹ̀?"

Wọ́n fa àga fún un. Tíṣà ka ọgọ́ta fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀, ó ti kọ́kọ́ kọ ọjọ́ orí àti iṣẹ́ sí wọn fúnra rẹ̀. Ó fi ìka hàn án. "Àpótí tó wà lápá ọ̀tún nìkan, Màámi. Ẹ ṣáà ti fi àmì síbẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ìyá mú báírò náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó na ahọ́n díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó tẹ àmì àkọ́kọ́ débi pé ó yọ sí ẹ̀yìn ìwé. Ẹ̀gbọ́n ní kó rọra, pé kì í ṣe ilẹ̀ ló ń gbá. Ó rọra. Nígbà tó fi máa kọ ogún, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà, ó ti ń yá ju ti àwọn méjèèjì lọ, ó sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Lójijì ló dáwọ́ dúró.

"Ọmọ mi, kí ni mò ń sọ níbí gan-an? Èèyàn kì í tọwọ́ bọ ohun tí ò mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n wo Tíṣà, Tíṣà wo fọ́ọ̀mù.

"Ẹ ń sọ pé ara yín le, Màámi. Pé ẹsẹ̀ ò dùn yín, ibi tó bá wù yín lẹ lè rìn dé."

"Àmín o!" Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Àmín, àmín. Kó tèmi wá, ọmọ mi, kó púpọ̀ sí i."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Tíṣà ṣe lọ́dún náà, ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún jù dòní.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tọwọ́ bọ ìwé náà ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù, láàárín ìdajì wákàtí, láì sọ pé ó ku ohunkóhun. Tíṣà gboyè. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rán fún un, wọ́n yàwòrán, wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí yàrá inú níbi tí Ìyá ti lè rí i tó bá dùbúlẹ̀. Ilé ìwé rẹ̀ fi í ṣe igbákejì ọ̀gá, wọ́n fún un ní ọ́fíìsì tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ayé dára.

Inú yàrá àwọn olùkọ́ ló wà nígbà tó gbọ́ ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí rédíò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti dé láti ìrìn àjò, ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ìgbìmọ̀. Ó ní ìwádìí òun ti fi hàn pé èèyàn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ní ẹ̀yìn ojú irin ló ń lọ sí ọsibítù ńlá láì sí ìnira, nítorí náà ìjọba máa ti ilé ìwòsàn kékeré ibẹ̀. Ìwádìí òun, ó wí. Kò dá orúkọ ẹlòmíì. Tíṣà ń gbọ́ àtẹ tirẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, láì yọ nọ́ńbà kan kúrò, ó sì pa ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì dé.

Ó lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Àga ẹlẹ́jọ́ ṣì wà níbẹ̀.

"A kú oríire," Ọ̀jọ̀gbọ́n kí i. "Iṣẹ́ tá a jọ ṣe ti wúlò."

"Sà, ẹ mọ bí a ṣe kọ àwọn fọ́ọ̀mù yẹn."

"Bí ìwọ ṣe kọ wọ́n." Kò gbóhùn sókè rárá. "Ṣí ìwé rẹ sí ojú ewé kejì. Ìwọ lo búra níbẹ̀ pé ìwọ lo ṣe iṣẹ́ náà, pé òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi kàn tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni. Tó o bá fẹ́ lọ sọ nǹkan mìíràn, ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà wà lókè yìí. Kó o mú ìwé ẹ̀rí rẹ dání o, torí wọ́n máa gbà á."

Tíṣà jáde. Ó dúró níbi àtẹ̀gùn. Àwọn kan ń gòkè, àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń sọ pé kó jọ̀ọ́ kó yàgò lọ́nà. Ó rántí ọ́fíìsì rẹ̀, ó rántí àwòrán tó wà lára ògiri, ó rántí ojú tí ìyá rẹ̀ fi ń wò ó. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó wí fún ara rẹ̀. Irọ́ ni, nítorí oró náà kò tíì wọ ara ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ti ilé ìwòsàn kékeré pa. Tíṣà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò jọ sọ ọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: tó bá wá kí wọn ní Sọ́ńdè, oúnjẹ ni wọ́n ń sọ, òjò ni wọ́n ń sọ, ẹ̀gbọ́n á sì tẹ orí mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Lójú ọlọ́kọ̀, ọsibítù ńlá ò jìn. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ìrìn wákàtí méjì ni, títì márosẹ̀ sì wà láàárín tí wọn ò ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀ sí. Ní ilé ìwòsàn kékeré, Nọ́ọ̀sì ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeè. Obìnrin kan ṣoṣo ni, kò ní igbákejì, àmọ́ ó mọ gbogbo arúgbó ẹ̀yìn ojú irin lórúkọ, ó sì ń bá wọn jà lórí iyọ̀. Ní ọsibítù ńlá, nọ́ńbà lorúkọ èèyàn. Ẹ̀gbọ́n gbé Ìyá lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n jókòó láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n wá ní dókítà ti lọ. Gbogbo ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ò fi ránṣọ, oníbàárà méjì sì gba aṣọ wọn padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá ní ara òun ti le, òun ò nílò oògùn mọ́. Kò fẹ́ da ọmọ láàmú ni. Ó ń ṣẹ́ hóró oògùn kan sí méjì, ó ń lo ìdajì lójúmọ́ kí wọ́n má bàa tán. Nígbà tí ìdajì ń tán lọ, ó ń lo ìdajì kan ní ọjọ́ méjì. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn tó ṣẹ́ kù, mẹ́jọ, tí ó dì sínú bébà.

Ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n lọ wọn aṣọ fún oníbàárà, Ìyá wọ bàtà rẹ̀, ó sọ fún aládùúgbò pé òun fẹ́ rọra lọ sí ọsibítù, pé tóun bá ń sinmi lọ́nà, òun á dé. Ó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà létí títì, ó ní kó jọ̀ọ́ kó fún òun láyè kí òun jókòó. Ìjókòó tó jókòó náà, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin náà kígbe pe àwọn méjì tó wà nítòsí, wọ́n gbé e, wọ́n ń sáré. Ibi tí wọ́n mọ̀ tó sún mọ́ wọn jù ni wọ́n sáré gbé e lọ. Wọ́n gbá ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn kékeré títí, wọ́n ń pe Nọ́ọ̀sì, kí ọ̀kan nínú wọn tó rí àgádágodo tó wà lókè. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó rí ọ̀nà yà kọjá sí òdìkejì, Ìyá ti kú.

Tíṣà wà nínú ìpàdé àwọn olùkọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, ó sì ti mọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sìnkú tán, Nọ́ọ̀sì wá kí wọn. Ibòmíràn ni wọ́n ti gbé e lọ ṣiṣẹ́. Kò wọ aṣọ funfun, Tíṣà ò sì kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì gígùn, ó gba omi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, kò mu ún. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó wá fa ìwé kan yọ nínú báàgì.

"Tíṣà, ẹ foríjì mí. Mo mọ̀ pé ìgbà ọ̀fọ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò lè dúró. Ìwé ìgbìmọ̀ yẹn nìyí. Wọ́n ní igba èèyàn ni wọ́n bi ní ìbéèrè ní àdúgbò yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti tì wá pa ni mo ti ń wá àwọn igba èèyàn náà. Gbogbo ọjọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́ ni mò ń wọ ojúlé. Ṣé ẹ mọ iye tí mo rí?"

Tíṣà ń wo ìwé náà.

"Méjìlélógún. Gbogbo wọn ló sì dárúkọ yín. Wọ́n ní ẹ jókòó ti àwọn, ẹ fara balẹ̀, ẹ kọ ohun táwọn sọ bí àwọn ṣe sọ ọ́. Gbogbo wọn ní àwọn sọ fún yín pé ọ̀nà jìn." Ó gbá ìwé náà pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ohun tí mo fi mọ̀ nìyẹn pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ló gba iṣẹ́ yín, ló yí i padà, ló fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. A ti fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn padà. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí tá a ní. Ẹ ṣáà máa sọ pé ohun tẹ́ ẹ kọ kọ́ nìyí."

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. 'Bẹ́ẹ̀ ni' nìkan ló kù kó sọ. Kò tiẹ̀ ní jẹ́ irọ́ tán pátápátá: Ọ̀jọ̀gbọ́n ló fún un ní àtẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló gba iṣẹ́ náà. Wọ́n á ṣí ilé ìwòsàn, oyè rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn á máa kí i ní akọni. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá inú, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, omijé ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀.

"Àwa la kọ wọ́n," Tíṣà wí.

"Kí ni?"

"Àwọn tó kù. Orí tábìlì yìí la ti kọ wọ́n, èmi àti Àǹtí mi." Ó fi ọwọ́ kan tábìlì náà. "Àti Màámi."

Nọ́ọ̀sì rọra gbé ife omi kalẹ̀. "Màmá náà kọ ọ́?"

"Ọgọ́ta ni wọ́n kọ. Mo ní kí wọ́n fi àmì sápá ọ̀tún."

"Ṣé Màmá mọ ohun tó wà lápá ọ̀tún?"

"Wọ́n béèrè. Mo sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ara àwọn le."

Ẹ̀gbọ́n wọ inú yàrá lọ. Wọ́n ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹkún tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé náà. Nọ́ọ̀sì ká ìwé ìgbìmọ̀ náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó dá a padà sínú báàgì rẹ̀. Tíṣà ń retí pé kó bú òun, kó tutọ́ sí òun lójú, ì bá tiẹ̀ tù ú lára. Nọ́ọ̀sì dìde, ó wá bàtà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ló dé kó tó yíjú padà, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ròyìn aláìsàn fún dókítà.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé àgádágodo wá, Túsìdeè ni. Màmá wà lọ́dọ̀ mi, mò ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ́wọ́. Màmá bi mí pé ta ló ní kí wọ́n tì wá pa. Mo ní àwọn ará àdúgbò ló kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọ̀nà ọsibítù ńlá ò ni àwọn lára. Màmá wò mí títí. Màmá wá ní, 'Àwọn tó kọ irú rẹ̀, ṣé wọn ò níyàá nílé ni?'"